Ẹ Jẹ́ Ká Ní Ohun Kan Tí A Kì Í Tà



Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ láti ìpàdé tó kọjá: ṣé ká bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ọjà lọ́jọ́ Sọ́ńdè, àbí ká fi í sílẹ̀ bó ṣe wà? Wọ́n ní kí kálukú lọ rò ó, kó mú ẹnu rẹ̀ wá sí ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀. Èrò tèmi nìyí: mi ò fara mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ ni mò ń sọ o, torí àwọn Àlàájà wa náà wà nínú àwọn tí mò ń bá gbèjà. Ohun tó ká mi lára ni pé Sọ́ńdè nìkan ló kù lọ́wọ́ wa tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè pé eélòó ni. Tá a bá gbé òun náà lé àtẹ, kí ló kù?

Ẹ wò ó dáadáa. Kí ni àwa obìnrin ọlọ́jà kì í tà? Tá a bá sin adìyẹ, a ti ń ka iye tó máa mú wá nígbà Kérésì. Tá a bá mọ irun dì, kò ní pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n á fi sọ pé, "O ò ṣe gbé àga síta?" Ẹni tó bá mọ ọbẹ̀ sè, wọ́n á ní kó ṣí búkà. Ẹni tó gbin ẹ̀fọ́ sẹ́yìn ilé, ó ti dì í ní ìdì-ìdì kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò burú. Ọwọ́ ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí gbogbo ohun tó ní jẹ́ ọjà, níbo ni ọkàn rẹ̀ fẹ́ jókòó sí?

Wọ́n á ní iṣẹ́ kì í pa ni, ìṣẹ́ ló ń pa ni. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ rántí bí ayé àwọn tó pa òwe yẹn ṣe rí. Òjò ń dá wọn dúró. Alẹ́ ń lé wọn wálé. Tí òṣùpá bá yọ, àwọn ọmọ á kóra jọ, àgbà á bẹ̀rẹ̀ àlọ́. Àwa ńkọ́? Iná wà, jẹnẹrétọ̀ wà, fóònù ò sì ń sùn. Oníbàárà ń fi Wásáàpù béèrè iye ankárá láago 11 alẹ́, a sì ń dá a lóhùn lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò sóhun tó ń dá wa dúró mọ́, àfi tí àwa fúnra wa bá dá ara wa dúró.

Gbogbo wa la mọ ẹnì kan tó dìde lórí àpótí ní sọ́ọ̀bù, tó ní orí ń fọ́ òun, tó sì jẹ́ pé ọsibítù ni wọ́n gbé e lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ọ̀pọ̀ tó ní in lára ni kò mọ̀, àfi tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ yẹ tiyín wò. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó yẹ kí àgbàlagbà máa mú ara gbóná fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Ìyẹn ni pé tẹ́ ẹ bá rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 30 lọ́jọ́ 5, ẹ ti ṣe é. Kò gba aṣọ pàtàkì, kò gba owó. Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ: "Ṣé ìrìn tí mò ń rìn lọ rajà ò tó ni?" Ara lè rí tiẹ̀ gbà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ru ẹrù, tó ń yà fún ọ̀kadà, tó ń ṣọ́ pọ́ọ̀sì rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ò rí nǹkan kan gbà. Ẹ wá ọ̀rẹ́ kan ládùúgbò, kẹ́ ẹ jọ rìn nírọ̀lẹ́ nígbà tí oòrùn bá rọlẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ọ̀rọ̀ gbèsè sílẹ̀ nílé.

Àwọn kan á ní àwọn ń gbafẹ́ dáadáa, ṣebí àwọn ń lọ òde. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ fún ara wa. Òde tiwa yìí, iṣẹ́ ni. Aṣọ ẹbí, gèlè, bàtà, owó ìnáwó, owó mọ́tò, ká sì tún wo ojú ẹni tí kò ná owó nígbà tàwa ṣe tiwa. Ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ á wú, owó ọjà á ti dín. Mi ò ní kẹ́ ẹ má lọ òde o, èmi náà ń lọ. Mo kàn ní òde kì í ṣe ìsinmi. Ìgbafẹ́ tí mò ń sọ kò wọ́n, kò sì ní ẹni tá à ń ṣe é hàn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ike ọ̀dà tó ṣófo, tẹ́ ẹ ti fọ̀ dáadáa, tàbí àpò ìrẹsì tó ti gbó, ọgbà nìyẹn. Ẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀ kómi lè jáde, ẹ da ilẹ̀ dúdú sí i, ẹ fọ́n ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ lé e. Láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, ẹ̀ ń já a. Ewúro ò tiẹ̀ béèrè irúgbìn: ẹ gé ẹ̀ka tó gbó, ẹ rì í mọ́lẹ̀, ẹ máa bu omi sí i láàárọ̀ tàbí nírọ̀lẹ́. Tó bá jẹ́ ìgbẹ́ adìyẹ lẹ fẹ́ fi sí i, ẹ jẹ́ kó jẹrà kẹ́ ẹ tó lò ó, torí tútù rẹ̀ á jó ewébẹ̀ náà. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín: ẹ má dì í tà. Ẹ sè é, kẹ́ ẹ sì já díẹ̀ fún ará ilé kejì. Ẹ dúró tì í láàárọ̀, kẹ́ ẹ wo ewé tuntun tó yọ. Ìyẹn gan-an ni èrè rẹ̀.

Ayò náà ńkọ́? Ọpọ́n kan, ihò 12, mẹ́fà-mẹ́fà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò. Tí kò bá sí ọpọ́n, ẹ gbẹ́ ihò sílẹ̀, kẹ́ ẹ ṣa òkúta wẹ́wẹ́. Ìdí igi lẹ́yìn ìlà aláta ni àwọn alábàárù wa ti ń ta á lójoojúmọ́, àwa á kọjá, a óò ní ọ̀lẹ ni wọ́n. Ta ló sọ pé eré ọkùnrin nìkan ni? Ta ló mọ ìṣirò ju obìnrin tó ń ṣẹ́ ṣéńjì fún èèyàn mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà? Ẹ jókòó lọ́jọ́ kan. Kẹ́ni tó ń kọjá kí yín pé, "Mo kọ́ta, mo kọ́pẹ̀!" Tẹ́ ẹ bá jẹ́ ọ̀pẹ̀ lónìí, ẹ ó di ọ̀ta lọ́la. Bẹ́ẹ̀ náà ni àlọ́. A kì í pa á lọ́sàn-án, ìyẹn ni pé kò lè bá ọjà jà. Ṣùgbọ́n ọmọ wo ni yóò gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá tó délé láago 9, tó wá sùn sórí àga pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́?

Ẹran ọ̀sìn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀. Àgbébọ̀ tó bá sàba fún ọjọ́ 21, tó wá kó ọmọ jáde, ẹ gbé àpótí síta kẹ́ ẹ wò ó. Bó ṣe ń họ ilẹ̀, bó ṣe ń pè wọ́n, bó ṣe ń fi ìyẹ́ bò wọ́n tí àwòdì bá yí lókè, kò sí fíìmù tó dára tó o. Ológbò náà dára. Àwọn kan á ní àjẹ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, eku tó ń jẹ èlùbọ́ yín ló yẹ kó máa pè é ní àjẹ́, ẹ̀yin kọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta gààrí àti èlùbọ́ mọ̀ pé eku kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà, pàápàá láti 1969 tí wọ́n ti dá ibà Lassa mọ̀ ní ìlú Lassa ní ilẹ̀ Bọ̀nọ́. Ológbò kì í ṣe oògùn rẹ̀ o. Ẹ máa bo oúnjẹ, kẹ́ ẹ sì máa gbá sọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n ilé tí ológbò bá wà, eku á rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá wá di alẹ́, tó gun itan yín, tó ń hùn rùrùrù, ẹ ó rí i pé ẹ ti gbàgbé àwọn tó jẹ yín lówó.

Ajá ló gba ìtọ́jú jù. Àwọn bàbá wa fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n máa ń fi òwe sọ ọ́ lórúkọ, kí ará ilé kejì tó ń ṣe aáwọ̀ lè gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pe ajá! Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá máa sìn ín, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran fún abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́dọọdún. Tí ajá bá bu èèyàn jẹ, kì í ṣe àgbo la máa sáré dà sí i. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ sì gba ọsibítù lọ lójú ẹsẹ̀. Tí àìsàn yẹn bá ti fara hàn lára èèyàn, ó ṣòro kónítọ̀hún yè.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ ọmọdé ni mò ń sọ, pé ẹgbẹ́ tó ń jà fún owó ìlẹ̀ àti owó orí kò gbọdọ̀ máa sọ̀rọ̀ ológbò. Ẹ jẹ́ ká bojú wẹ̀yìn, ká wo Abẹ́òkúta. Abeokuta Ladies' Club, tí ìyá wa Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti léwájú nínú rẹ̀, ìránṣọ, oúnjẹ sísè àti iṣẹ́ àánú ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn obìnrin ọlọ́jà wọlé sínú rẹ̀ láti kọ́ ìwé. Ibi tí wọ́n ti jókòó papọ̀ yẹn ni wọ́n ti gbọ́ ìṣòro ara wọn. Ní 1946 wọ́n di Abeokuta Women's Union, wọ́n gbógun ti owó orí obìnrin, nígbà tó sì fi máa di 1949, Aláké ti kúrò lórí oyè fúngbà díẹ̀. Ẹ rí i? Àwọn tó jókòó ránṣọ papọ̀ ló jà papọ̀. Obìnrin tí kò ráyè jókòó ti ọmọnìkejì rẹ̀, kò lè bá a jà fún nǹkan kan.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sórí Sọ́ńdè yìí. Àwọn tó ní ká ṣí i kì í ṣe òmùgọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àbúrò wa ló gba owó ẹ̀yáwó tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń dá a padà. Tòmátì kì í dúró de ẹnikẹ́ni, ẹja tútù kì í gbọ́ àwáwí. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká tan ara wa jẹ pé ẹni tó bá wù nìkan ló máa ṣí. Tí sọ́ọ̀bù kan bá ṣí, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á ní oníbàárà òun ti ń lọ, òun náà á ṣí. Kó tó di oṣù mẹ́ta, gbogbo wa á ti wà níbẹ̀. Oníbàárà tó yẹ kó wá ní Sátidé ló máa sún sí Sọ́ńdè. Owó ọjọ́ 6 la ó máa pa ní ọjọ́ 7.

Àbá tèmi rèé. Ìkínní, kí ọjà wà ní títì lọ́jọ́ Sọ́ńdè fún gbogbo wa, kó má sẹ́ni tó máa bẹ̀rù pé ẹnìkan ń gba ọjà mọ́ òun lọ́wọ́. Ìkejì, kí àwọn tó ń ta ohun tó ń bàjẹ́ máa pín in ṣe ní ìpín-ìpín, títí di aago 12 ọ̀sán péré, kí ẹnì kan náà má sì ṣe é lọ́sẹ̀ méjì léra wọn. Ìkẹta, kí ẹgbẹ́ máa fi lára owó wa ran àwọn tí ẹ̀yáwó ń dà láàmú lọ́wọ́. Ìyẹn ló ń lé wọn, kì í ṣe Sọ́ńdè. Ìkẹrin, lọ́dún yìí, dípò ká tún mú aṣọ ẹgbẹ́ mìíràn, ẹ jẹ́ ká fi owó náà gba mọ́tò, ká kó àwọn ọmọ wa lọ wo ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn, tó ti wà láti 1948, ká sì jókòó jẹun lábẹ́ igi. Ká má gbé ọjà kankan dání.

Ayé lọjà, ọ̀run nilé, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lọ́jà náà nílé láyé níbí, àwọn ará ilé rẹ̀ sì ń retí rẹ̀. Ẹ lọ ronú sí i kí ìpàdé tó pé. Kí olúkúlùkù wa mú ohun kan nínú ayé rẹ̀, ìbáà jẹ́ ike ewúro kan, ìbáà jẹ́ ológbò kan, kó fi sẹ́yìn àtẹ. Tí wọ́n bá béèrè pé eélòó ni, ẹ sọ fún wọn pé, "Mi ò tà á."

A ó tà, a ó jèrè, a ó sì jẹ èrè ọ̀hún pẹ́. Àṣẹ.

Èmi ni tiyín, láti ìlà àwọn aláṣọ.