Mọ́tò Ò Bàjẹ́, Dẹ́rẹ́bà Ni Kò Sí

Inú ló bí mi tí mo fi kọ ọ̀rọ̀ tòní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á dópin.

Printer kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀ka wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Orí rẹ̀ la máa ń gbé báàgì lé tí a bá ń dúró de olùkọ́. Ẹnì kan ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sí i lára pé ó ti bàjẹ́. Irọ́ ni. Tí ẹ bá ki wáyà rẹ̀ bọ iná, á tàn, á sì fa ìwé wọlé bó ṣe yẹ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n ra kọ̀ǹpútà tuntun, Windows tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà kò mọ printer yìí, ilé iṣẹ́ tó ṣe é sì ní àwọn kò ní kọ driver mìíràn fún un mọ́. Ó parí. Ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ di ibi ìgbébàágì, àwa náà wá ń san owó ojú ewé kọ̀ọ̀kan lẹ́nu géètì.

Nínú ìwé ìròyìn wa tó jáde kẹ́yìn, ọ̀kan nínú wa kọ ọ́ pé kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ kúrò nínú ẹ̀kọ́ operating system. Ó ní òkú ni PDP-11, kí la fẹ́ fi òkú ṣe? Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rẹ́ mi yìí, ó mọ̀wé kọ, ṣùgbọ́n ó ṣì í lórí èyí. Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí printer wa fi di ibi ìgbébàágì, ọ̀dọ̀ òkú yẹn gan-an ni kó ti lọ béèrè.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé àwa tí kì í ṣe ọmọ kọ̀ǹpútà. Operating system ni ọ̀gá inú kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ọ̀gá yìí ò mọ bí printer ṣe ń yí ìwé, kò mọ bí dísìkì ṣe ń ka ohun tó wà lára rẹ̀. Ètò kékeré kan ló wà láàárín wọn tó mọ ọwọ́ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Driver ni wọ́n ń pè é. Dẹ́rẹ́bà ni èmi ń pè é, torí iṣẹ́ dẹ́rẹ́bà ló ń ṣe: ọ̀gá á jókòó sẹ́yìn, á ní "gbé mi lọ", dẹ́rẹ́bà ló mọ ibi tí búrèkì wà.

Ọdún 1970 ni ilé iṣẹ́ DEC ní Amẹ́ríkà gbé PDP-11 jáde. Minicomputer ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí "mini" yẹn tàn yín jẹ, ó tó kọ́bọ́ọ̀dù. Dísìkì RK05 tí wọ́n ń so mọ́ ọn, bíi mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ lẹ́tà ló ń gbà. Orin MP3 kan ṣoṣo lè má wọ inú rẹ̀ tán. Síbẹ̀, wọ́n ṣe nǹkan kan tó dára. Ẹ̀rọ yòówù tí wọ́n bá so mọ́ ọn, ì báà jẹ́ printer, dísìkì, tàbí ẹ̀rọ tó ń ka tépù oníwèé, wọ́n fún un ní àdírẹ́sì láàárín àwọn àdírẹ́sì mẹ́mórì. Printer LP11 ní méjì péré, 177514 àti 177516 ní òǹkà octal. Ẹ wo ti àkọ́kọ́ kí ẹ mọ̀ bóyá printer ti ṣe tán. Ẹ fi lẹ́tà sínú èkejì, á tẹ̀ ẹ́. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. DEC sì tẹ àwọn àdírẹ́sì wọ̀nyí sínú ìwé fún ẹni tó bá fẹ́ kà. Kò sí awo níbẹ̀.

Ní Bell Labs, ní New Jersey, Ken Thompson, Dennis Ritchie àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀ Unix lórí PDP-7 ní 1969, kí wọ́n tó gbé e wá sórí PDP-11. Wọ́n ní ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan yóò dà bíi fáìlì. Printer ń jẹ́ /dev/lp. Ẹni tó bá ti lè kọ nǹkan sínú fáìlì, ó ti lè tẹ̀wé nìyẹn. Nínú ẹ̀dà kẹfà Unix, tó jáde ní 1975, iṣẹ́ márùn-ún péré ni dẹ́rẹ́bà irú printer gbọ́dọ̀ jẹ́: ṣíṣí, títì, kíkà, kíkọ, àti ètò tẹ́míná. Èyí tí ẹ̀rọ náà kò bá lè ṣe, ẹ sọ pé kò lè ṣe é. Ẹ to wọn sínú tábìlì, ẹ tún kernel kọ́, ẹ̀rọ yín ti di ọmọ ilé.

Mi ò sọ pé ọ̀run ni o. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ fi dẹ́rẹ́bà tuntun kún un, kernel ni wọ́n ń tún kọ́. Inú kernel náà ni dẹ́rẹ́bà ń gbé; tó bá ṣi ọ̀nà, gbogbo mọ́tò ló ń gbé lọ sí kòtò. Ṣùgbọ́n ìwé ètò rẹ̀, èyí tí àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà ń pè ní source code, wà lọ́wọ́ àwọn yunifásítì tó gbà á. Ẹni tó bá rí àṣìṣe lè tún un ṣe fúnra rẹ̀.

Dẹ́rẹ́bà LP11 nínú ẹ̀dà kẹfà yẹn kò tó 200 ìlà. Mo ti kà á. Ibì kan wà níbẹ̀ tó pa mí lẹ́rìn-ín. Àwọn printer kan láyé ìgbà náà kò ní lẹ́tà kékeré, wọn ò sì ní àmì {. Kí ni dẹ́rẹ́bà ṣe? Ó sọ lẹ́tà kékeré di ńlá. Tó bá kan {, ó tẹ (, ó padà sójú kan náà, ó tẹ - lé e lórí. Ẹ̀yin tí ẹ ní òbí tó ti lo taipuráítà rí, ẹ mọ ọgbọ́n yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń kọ ẹ, ọ àti ṣ: wọ́n á tẹ e, wọ́n á dá a padà, wọ́n á fa ìlà sí i nídìí. Ẹni tí ìwé dẹ́rẹ́bà yẹn bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì yan àmì kan fún ẹ, ìlà mélòó kan ló máa fi kún un, printer Amẹ́ríkà á máa tẹ Yorùbá. Kò ní kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ kankan, kò ní bẹ ẹnikẹ́ni.

Ṣé ẹ ti wá rí ohun tí mò ń jà fún? Ẹni tí ìwé dẹ́rẹ́bà bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ni ẹ̀rọ. Àwa tí a kàn fowó rà á, a bá wọn tọ́jú rẹ̀ ni, ọjọ́ tó bá wù wọ́n ni wọ́n á pa á.

Wọ́n sì ti gbìyànjú láti ti ìwé yẹn mọ́lé rí. Ní 1976, John Lions, olùkọ́ kan ní Yunifásítì New South Wales ní Sydney, kó ìwé kernel ẹ̀dà kẹfà jọ, bí 9,000 ìlà, títí kan àwọn dẹ́rẹ́bà rẹ̀. Ó kọ àlàyé sí i ní abala-abala, bí a ṣe máa ń tú ewì palẹ̀ ní kíláàsì, ó sì fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Nígbà tó di 1979, AT&T tó ni Unix kọ ọ́ sínú àdéhùn ẹ̀dà keje pé wọn ò gbọ́dọ̀ fi ìwé ètò náà kọ́ ọmọ ní kíláàsì mọ́. Kí làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe? Fótókọ́pì ni! Wọ́n ṣe fótókọ́pì ìwé Lions, wọ́n tún ṣe fótókọ́pì fótókọ́pì, láti ìlú dé ìlú, títí tó fi jáde lọ́nà òfin ní 1996. Torí ìfòfindè yẹn ni Andrew Tanenbaum fi kọ MINIX ní 1987, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè tún rí operating system kà. Orí MINIX ni Linus Torvalds wà tó fi bẹ̀rẹ̀ Linux ní 1991. Ẹ má fojú kéré ìwé fótókọ́pì o, ẹ̀yin òǹkọ̀wé.

Lónìí ńkọ́? Kò sófin tó dí wa lọ́wọ́. Láti oṣù kìíní 2002 ni ilé iṣẹ́ Caldera ti yọ̀ǹda àwọn Unix àtijọ́ yìí. Ètò kan tó ń jẹ́ SIMH lè mú kí laptop yín máa ṣe bíi PDP-11. Ọ̀fẹ́ ni. Síbẹ̀, kí là ń ṣe ní kíláàsì? "Sọ ohun tí driver jẹ́. Dárúkọ iṣẹ́ rẹ̀ mẹ́rin." A ó há a sórí, a ó dà á sórí ìwé ìdánwò, ó tán. Ẹni tó gba A nínú ẹ̀kọ́ yẹn ló ń gbé báàgì lé orí printer. Èmi náà wà lára wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan gbé printer yẹn wọ yàrá. Linux ló wà nínú laptop rẹ̀. A so wọ́n pọ̀. Ẹnì kan tí a ò mọ̀, ní ìlú tí a ò mọ̀, ti kọ dẹ́rẹ́bà rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi ìwé rẹ̀ síta. Printer náà kọ́kọ́ wúkọ́ bí arúgbó, ó wá tẹ ojú ewé kan, ó tẹ èkejì. Ojú ewé tí ẹ ń kà lọ́wọ́ yìí, òun ló tẹ̀ ẹ́ kí a tó gbé e lọ ṣe fótókọ́pì.

A ti dá a padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, torí kì í ṣe tiwa. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni wọ́n máa kó gbogbo ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́ dà sí ààtàn. Ohun mẹ́ta ni mo ń bèèrè. Kí wọ́n fi printer náà sílẹ̀ fún wa. Kí ẹ̀ka wa má ra ẹ̀rọ tí ìwé dẹ́rẹ́bà rẹ̀ kò sí níta mọ́. Kí a sì ka ẹ̀dà kẹfà Unix ní kíláàsì, ká yé há ìtumọ̀ sórí.

Lọ́jọ́bọ̀, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn yẹn. Ẹni tó bá ní laptop, kó gbé e dání. Ẹni tí kò bá ní, kó mú ìwé funfun wá.