Ẹ Jẹ́ Ká Gba Oṣù Kẹfà Yẹn

Pósítà eré ọdún tó ń bọ̀ ti wà lára ògiri tíátà àdúgbò wa. Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ máa ń gba iwájú rẹ̀ kọjá lọ ra iṣu àti ata rodo tá a bá jáde níbí lọ́jọ́ Sátidé, mo mọ̀ pé ẹ ò wò ó. Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín. Oṣù kẹwàá, Oliver!. Oṣù kejìlá, Jack and the Beanstalk, ìyẹn páńtó ti Kérésìmesì. Oṣù kejì, eré Agatha Christie kan tí wọ́n ti ń pa àwọn èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan (mọ́mì mi ti sọ pé mi ò ní wò ó). Àsìkò Àjíǹde, The Wizard of Oz. Tó bá wá di oṣù kẹfà, àyè kan ṣófo. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹgbẹ́ àdúgbò tó bá ní eré lè wá gba ìtàgé fún ọjọ́ mẹ́ta.

Èmi rò pé ilé ẹ̀kọ́ Yorùbá wa ló yẹ kó gbà á.

Mo mọ̀ pé wọ́n ti mẹ́nu bà á ní ìpàdé àwọn òbí, torí èmi ni mò ń pín puff-puff lọ́jọ́ yẹn, ẹni tó bá sì ń pín puff-puff, kò sẹ́ni tó ń rí i. Dádì kan sọ pé, “A ò rán àwọn ọmọ wá síbí kí wọ́n wá máa ṣeré.” Àwọn kan mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ má bínú o, sà, ṣùgbọ́n mo rò pé ọ̀rọ̀ “eré” yẹn gan-an ló fa wàhálà. Lédè wa, bọ́ọ̀lù, eré ni. Kéèyàn sáré, eré ni. Ti orí ìtàgé náà, eré ni. Ó wá dà bíi pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ẹ wo Olóyè Hubert Ògúndé. Ọlọ́pàá ni wọ́n nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Èkó ní kí wọ́n bá àwọn ṣe eré tí àwọn á fi rí owó kọ́ ilé ìjọsìn. Ọdún 1944 nìyẹn, ní Glover Memorial Hall, eré nípa ọgbà Édẹ́nì. Kò pẹ́ tí wọ́n fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, tí eré sì di iṣẹ́ wọn títí wọ́n fi kú lọ́dún 1990. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ìgbà tí àwa náà ń wá owó tá a máa fi ra àga tuntun. Dúró Ládípọ̀ náà gbé Ọba Kò So, eré nípa Ṣàngó, lọ sí Berlin ní Jámánì lọ́dún 1964, wọ́n sì gbé e wá sí Lọ́ńdọ̀nù níbí lọ́dún 1965. Yorùbá ni wọ́n fi ṣe é. Wọn ò yí i padà sí Gẹ̀ẹ́sì nítorí òyìnbó.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí àwọn àgbà wọ̀nyẹn ni mo ṣe ń kọ èyí.

Lọ́dún tó kọjá, níbi àríyá ìparí ọdún wa, wọ́n ní kí n dìde sọ̀rọ̀ nípa ìdílé mi. Mo fẹ́ sọ pé dádì mi ní ọkọ̀ dúdú kan. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé dádì mi ní ọkọ dúdú kan. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Àwọn àǹtí kan ń nu omi ojú. Dádì mi pàápàá rẹ́rìn-ín, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni bínú, torí ọ̀rọ̀ náà pani lẹ́rìn-ín lóòótọ́. Ṣùgbọ́n odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń dá màmá àgbà lóhùn tí wọ́n bá pe fóònù láti Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n á ní, “Ṣé kò sí o?” Màá ní, “I'm fine, Grandma.”

Nígbà tó di Kérésìmesì, mo wà nínú páńtó tíátà àdúgbò, Cinderella. Eku ni mo ṣe. Gbólóhùn mẹ́rin péré ni mo ní, mo sì ń ṣi ẹ̀kẹta sọ ṣáá. Olùdarí eré ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe tó ìgbà mẹ́wàá. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, torí àwọn tó kù náà ń ṣi tiwọn sọ, títí kan bàbá arúgbó tó ṣe ìyá burúkú. Nígbà tí àwọn òǹwòran máa fi dé, ó ti mọ́ wa lẹ́nu. Ohun tí ilé ẹ̀kọ́ wa ò ní nìyẹn. Níbí, a máa ń da ọ̀rọ̀ kọ láti ara bọ́ọ̀dù sínú ìwé, lẹ́yìn náà wọ́n á ní ká dìde sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn. A ò ní ibi tá a ti lè ṣì í sọ nígbà mẹ́wàá láìsí ẹ̀rín.

Àwọn kan ní òyìnbó tó wá wòran ò ní gbọ́ Yorùbá. Ṣebí gbogbo wa la ti lọ wo The Lion King ní Lyceum? Ó ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1999, èdè Zulu ni orin tó ṣí eré yẹn, mi ò sì tíì rí ẹni tó dìde pé òun fẹ́ gba owó òun padà. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ẹ sì ń san. Ti àdúgbò wa, pọ́n-ùn 8 ni fún ọmọdé, ẹ ò wá.

Àlọ́ àpagbè ni mo fẹ́ ká ṣe, èyí tí Ìjàpá ti jẹ àsèjẹ tí babaláwo sè fún Yánníbo, tí ikùn Ìjàpá fúnra rẹ̀ wá wú bíi bàlúù. Ègbè orin rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Àwọn òǹwòran á ti mọ̀ ọ́n kí Ìjàpá tó dé ọ̀dọ̀ babaláwo. Àwọn òyìnbó tó ń lọ sí páńtó ti mọ bí wọ́n ṣe ń dá eléré lóhùn látorí àga, wọ́n ń pariwo pé ọ̀tá wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń hó lé ẹni burúkú lórí. Ohun tí màmá àgbà ń bá wa ṣe náà nìyẹn tí wọ́n bá ní “Ààlọ́ o!” tá a sì ní “Ààlọ̀!” Kò sí iyàtọ̀ kan tí mo rí, àfi pé tiwa ò ní aṣọ ìkélé.

Ní ti owó, ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ṣe Oliver! gbọ́dọ̀ sanwó fún àwọn tó ni ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ìjàpá, pẹ̀lú gbogbo ọ̀kánjúwà rẹ̀, kò ní bi wá ní kọ́bọ̀. Ní ti ìwé, oṣù karùn-ún ni SATs, oṣù kẹfà ni eré. Àwa Year 6 á ti ṣe tán. Wákàtí tó kẹ́yìn kíláàsì wa tá a fi ń da ọ̀rọ̀ kọ, ibẹ̀ la ti lè máa ṣe ìfidánrawò.

Tẹ́ ẹ bá gbà, ẹ jọ̀ọ́, ohun mẹ́ta péré. Kó má di ọjọ́ aṣọ ẹbí. Kí ẹ má dìde dúró síwájú ìtàgé láti ya fídíò. Kẹ́ ẹ sì má gun orí ìtàgé wá náwó fún wa kí eré tó parí. (Tó bá parí, ó tì yá.)

Fọ́ọ̀mù náà ò ju ojú ìwé kan lọ, ìparí oṣù kẹwàá ni wọ́n máa gbà á mọ. Àgbàlagbà ló gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mi ò bá ti kọ ọ́. Ìpàdé yín tó ń bọ̀ ló máa pinnu rẹ̀. Mo ṣì máa pín puff-puff níbẹ̀.

Màmá àgbà ti ń kọ́ mi lórin náà lórí fóònù. Wọ́n ní ohùn mi ń lọ sókè níbi tó yẹ kó wálẹ̀. Wọ́n ní kí n tún un kọ.