Rélùwéè Kọjá Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Wa

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Ìgangan, ẹ wo Omi-Àdìó, ìlú kékeré tí ó wà láàárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Ní 1901 ni ojú irin Èkó gba ibẹ̀ wọ Ìbàdàn. Nígbà tí a ṣí ojú irin tuntun ní 2021, Omi-Àdìó tún ní ibùdókọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni rélùwéè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìbàràpá láì yà sọ́dọ̀ wa. Títí di òní, orí ọkọ̀ akẹ́rù ni iṣu àti ẹ̀gẹ́ wa ń bá dé ọjà.

Àwa kò ṣe ìlara Omi-Àdìó. Ọ̀nà ọ̀dà tí ó dára láti Ìgangan dé ojú irin ni a ń bèèrè, àti àyè fún ẹrù oko nínú ọkọ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ síta: ẹni tí ó bá dákẹ́, ti ara rẹ̀ a bá a dákẹ́.