Ipò Akọ̀wé Àgbà Kì í Ṣe Oyè Ìdílé

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèǹgbè. Ní Fate, ní ìlú Ìlọrin, bí àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì bá pàdé àwọn tí ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán láàárín wọn: ọdún mélòó ni ó yẹ kí olùdarí tàbí akọ̀wé àgbà lò kí ó tó fi ipò sílẹ̀ fún ẹlòmíràn?

Ìlànà tí gbogbo òṣìṣẹ́ mọ̀ ni pé ẹni tí ó bá pé ọgọ́ta ọdún, tàbí tí ó bá ti lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, yóò fẹ̀yìn tì. Ní 1988, ìjọba ológun Babangida sọ akọ̀wé àgbà di ẹni tí yóò bá ìjọba tí ó yàn án kógbá wọlé. Ní àwọn ọdún 1990, ìgbìmọ̀ Allison Ayida, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ akọ̀wé àgbà rí, dámọ̀ràn pé kí a dá ipò náà padà sí bí ó ti wà. Ní 2009, nígbà tí Stephen Oronsaye jẹ́ olórí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, a fi gbèdéke lé e: ọdún mẹ́jọ fún olùdarí, ọdún mẹ́rin fún akọ̀wé àgbà, tí a lè fi mẹ́rin mìíràn kún. Ìjọba Buhari dá a dúró ní 2016. Ní oṣù keje 2023, ó tún padà dé.

Àwọn tí ó fara mọ́ gbèdéke ní bí olùdarí bá jókòó pẹ́ jù, igbákejì rẹ̀ yóò fẹ̀yìn tì ní ìpele kẹrìndínlógún, kì í ṣe nítorí àìgbọ́n, bí kò ṣe pé àga kò ṣófo. Àwọn tí ó lòdì sí i ní ẹni tí ó di olùdarí ní ọmọ ọdún 45 yóò kúrò ní 53, pẹ̀lú gbogbo ìrírí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Òótọ́ wà lẹ́nu apá méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìjòyè ń jẹ oyè títí dọjọ́ ikú nítorí pé ìdílé rẹ̀ ni ó ni ín. Kò sí ìdílé tí ó ni àga akọ̀wé àgbà. Ohun tí ó yẹ kí iṣẹ́ ìjọba kọ́ lára oyè ni èyí: kí ọba tó wàjà ni ìlú ti mọ ilé tí oyè kàn àti àwọn afọbajẹ. Òfin 1999 fún Ààrẹ ní agbára láti yan akọ̀wé àgbà, kò burú. Èyí tí ó burú ni kí ẹni tí ó wọ iṣẹ́ lábẹ́ ìlànà kan máa bá òmíràn pàdé lójú ọ̀nà, kí ó má sì mọ ọjọ́ tí yóò kan òun. Bí a bá ti yan ọdún mẹ́jọ, ẹ jẹ́ kí ó dúró bẹ́ẹ̀, ẹni yòówù kí ó gorí àlééfà.