Rírìn Láàárín Òròmọdìyẹ ní Ẹ̀yìnkùlé

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà, láti Kánò títí dé Kàlàbá, adìyẹ ẹ̀yìnkùlé ni àpò owó àwọn obìnrin. Ìyá adìyẹ kan tí ó kó ọmọ mẹ́jọ lẹ́yìn lè di owó ilé-ìwé lọ́la. Nítorí náà, òṣìṣẹ́ ìlera tí ó bá ní kí ìdílé má ṣe sin adìyẹ mọ́ kò tíì gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn. Ohun tí ó yẹ kí ó kọ́ wọn ni bí ènìyàn ṣe lè wà láàárín òròmọdìyẹ láìpa wọ́n lára, tí wọn kò sì ní kó àrùn bá ilé.

Òròmọdìyẹ a máa sáré wá sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tí wọ́n rò pé ó gbé oúnjẹ lọ́wọ́. Kí ẹni tí ó bá wọ ilé adìyẹ rọra máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀: ẹsẹ̀ tí a wọ́ yóò tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tí a gbé sókè ni yóò tẹ̀ wọ́n pa. Kí ó gbé iná dání bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kí ó sì jẹ́ kí ìyá wọn rí i kí ó tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, nítorí ojú ènìyàn ni ìyá adìyẹ tí inú ń bí lè fò mọ́. Arúgbó tí ó bá ta gìrì yẹ̀ fún òròmọdìyẹ lè ṣubú, kí egungun ìbàdí rẹ̀ sì dá. Ọṣẹ àti omi ni kí a fi fọ ojú ibi tí èékánná adìyẹ bá ya.

Ṣùgbọ́n ewu tí ó pọ̀ jù kò hàn sí ojú. Àwọn àgbà ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Òròmọdìyẹ tí ó ń jẹ, tí ó ń ké, tí ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá, lè máa yàgbẹ́ tí bakitéríà Salmonella wà nínú rẹ̀. Bakitéríà náà a máa wà lára ìyẹ́ rẹ̀, ní ẹsẹ̀ rẹ̀, nínú omi tí ó ń mu àti lórí ilẹ̀ tí ó ń tẹ̀. Òròmọdìyẹ yìí kan náà ni ọmọdé máa ń gbé mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ó tó fi ọwọ́ kan náà bu ẹ̀bà.

Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le lè ní ibà, inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru fún ọjọ́ 4 sí 7, kí ó sì gbádùn. Ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, ti arúgbó àti ti ẹni tí ó ní kòkòrò HIV yàtọ̀. Bakitéríà náà lè wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn. Lára ọmọ tí ibà ẹ̀fọn tàbí àìjẹunrekánú ti dá lágara, ó lè wá láìsí ìgbẹ́ gbuuru rárá, kí gbogbo ènìyàn sì rò pé ibà ẹ̀fọn nìkan ni. Lára ẹni tí ó ní àrùn fòníkúfọ̀ládìde, ó lè lọ ba sínú egungun. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ adìyẹ nìkan ni ó ti ń wá, ṣùgbọ́n bí ibà ọmọ kò bá lọ, tàbí tí egungun rẹ̀ ń ro ó, ìbéèrè pé “Ṣé ẹ ń sin adìyẹ nílé?” kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Kí sálúbàtà kan wà ní ẹnu ọ̀nà ilé adìyẹ, tí kò ní wọ yàrá láé. Kí omi àti ọṣẹ wà níta níbẹ̀, kí a sì fọ ọwọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Kí a má ṣe fọ àwo omi adìyẹ níbi tí a ti ń fọ abọ́ oúnjẹ. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 lè máa wo òròmọdìyẹ, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe fọwọ́ kàn wọ́n. Ní àkókò ọyẹ́, àwọn mìíràn a máa kó òròmọdìyẹ wọ yàrá, wọn a sì gbé ìkòkò èédú tì wọ́n. Afẹ́fẹ́ olóró tí ń jáde lára èédú náà kò ní òórùn, ó sì lè pa ẹni tí ó sùn síbẹ̀ mọ́jú.

Bí adìyẹ púpọ̀ bá kú lójijì, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Oko adìyẹ kan ní Jàájì, ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná, ni a ti kọ́kọ́ rí àrùn adìyẹ H5N1 ní Áfíríkà ní oṣù Kejì ọdún 2006. Ní oṣù Kínní ọdún 2007, ó pa obìnrin kan ní Èkó. Ẹni tí ń bẹ̀rù kí owó rẹ̀ má ṣòfò a máa yára pa èyí tí ó kù tàbí kí ó tà á, òṣìṣẹ́ ìlera tí ó bá sì bá a wí kíkankíkan kò ní gbọ́ òtítọ́ lẹ́nu rẹ̀. Kí a fi sùúrù sọ fún un pé kí ó má ṣe fi ọwọ́ lásán kan òkú wọn, kí ó má ṣe pa àwọn tí ń ṣàìsàn jẹ, kí ó sì ránṣẹ́ pe dókítà ẹran ní ìjọba ìbílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.