Ojú Oórì Kọ́ Ni Ìtàn Ọ̀fọ̀ Ń Parí Sí

Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tí òkú ṣíṣe ń náni ní ìlú Benin, kó lọ sí ọjà màlúù Aduwawa. Ẹ̀gbẹ́ títì tó lọ láti Benin sí Auchi ni ọjà náà wà, tírélà ló sì ń kó màlúù wá síbẹ̀ láti Òkè Ọya. Alápatà nìkan kọ́ ló ń ná màlúù níbẹ̀, ọmọ olóòkú náà ń bẹ láàárín wọn. Òǹkọ̀wé tó bá fẹ́ kọ ìtàn kúkúrú lórí ọ̀fọ̀ á rí nǹkan kọ níbẹ̀ ju ní itẹ́ òkú lọ. Ní itẹ́ òkú, kálukú ló mọ bí wọ́n ṣe ń sunkún. Ṣùgbọ́n ọmọ tó dúró níwájú oníṣòwò Hausa, tó ń ra màlúù ìsìnkú bàbá rẹ̀, kò ráyè ẹkún. Bó bá san iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè láìdúnàádúrà, òǹkàwé tó lóye á ti mọ ohun tó ń ṣe é.

Ọ̀pọ̀ ìtàn ọ̀fọ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé wa ń kọ ló ń parí níbi tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Fóònù á dún lóru, ìyá á figbe ta, wọ́n á gbé pósí wọlẹ̀, òjò á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. (Òjò kì í yẹ̀ nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀, kódà bó jẹ́ àárín ọyẹ́ ni.) Ìtàn tán. Ikú ni wọ́n ròyìn, wọn ò tíì fẹnu ba ọ̀fọ̀.

Ní Benin, àṣà fúnra rẹ̀ ti fi ohun tó kàn lé òǹkọ̀wé lọ́wọ́. Ilé tí bàbá gbé títí ó fi kú, tí àwọn Edo ń pè ní Igiogbe, ti àkọ́bí ọkùnrin tó bá wà láàyè ni, lẹ́yìn tó bá ti ṣe ètùtù ìsìnkú ìkẹyìn. Lọ́dún 1991, nínú ẹjọ́ Idehen, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Nàìjíríà sọ pé bàbá kò lè fi ìwé ìhágún gbé ilé yìí fún ẹlòmíràn. Ó yé ni, nígbà náà, ìdí tí àkọ́bí fi lè jẹ gbèsè nítorí òkú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e: ọkùnrin kan tó ti ń gbé Èkó látọjọ́ pípẹ́ di onílé lórí ìyá rẹ̀, lórí àwọn àbúrò rẹ̀ tí wọn ò kúrò nínú ilé náà rí. Ta ló máa ṣílẹ̀kùn yàrá bàbá? Ta ló máa kó aṣọ rẹ̀ kúrò lórí ìkọ́, ìgbà wo sì ni? Adájọ́ ti pín ilé, kò sẹ́ni tó dájọ́ aṣọ. Ibẹ̀ ni ìtàn wà.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n kọ kò ṣàì rí èyí. Ìwé Ayọ̀bámi Adébáyọ̀, *Stay With Me*, tó jáde lọ́dún 2017, kò bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọmọ ti kú ní Iléṣà. Jos ló ti bẹ̀rẹ̀, lọ́dún 2008, nígbà tí Yejide, ìyá ọmọ náà, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ayé lẹ́yìn òfò. Ìwé gígùn nìyẹn. Nínú ìtàn kúkúrú, Lesley Nneka Arimah ṣe ohun tó yani lẹ́nu nínú *What It Means When a Man Falls from the Sky*, tó wà lára àwọn tí wọ́n yàn fún ẹ̀bùn Caine lọ́dún 2016. Nneoma, onímọ̀ ìṣirò, ń fi iṣẹ́ yíyọ ìbànújẹ́ kúrò lára èèyàn jẹun. Kò pẹ́ tí ìtàn náà fi jẹ́ ká rí i pé ìbànújẹ́ tí wọ́n yọ kò pòórá, ara àwọn tó ń yọ ọ́ ló ń wọ̀.

Títì Aduwawa kan náà ló ń báni dé Lokoja. Lẹ́bàá Lokoja ni Festus Iyayi ti kú ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 2013, nígbà tí ọkọ̀ kan nínú ọ̀wọ́ ọkọ̀ gómìnà ìpínlẹ̀ Kogi kọlu èyí tó ń gbé e lọ sípàdé ẹgbẹ́ olùkọ́ yunifásítì ní Kano. Olùkọ́ ni ní yunifásítì Benin, òun ló sì kọ àkójọ ìtàn kúkúrú tó ń jẹ́ *Awaiting Court Martial* lọ́dún 1996. Ìwé ìròyìn gbé ikú rẹ̀ káàkiri, wọ́n sì ṣe dáadáa. Iṣẹ́ tó kù fún ìtàn yàtọ̀ sí tiwọn: ẹnikẹ́ni tí ọ̀nà bá ti gba èèyàn rẹ̀, báwo ló ṣe ń wọ ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lójú títì kan náà ní ọjọ́ Mọ́ńdè?

Àwọn kan á ní ayẹyẹ gan-an ni ìtùnú: aṣọ ẹbí, oúnjẹ, èrò tó ń kí "ẹ kú ará fẹ́ra kù". Òótọ́ pọ̀ níbẹ̀. Àwọn àgbà mọ̀ pé kò yẹ kí ọlọ́fọ̀ dá wà, èrò náà sì ń gbé e ró. Ṣùgbọ́n èrò ní ọjọ́ tó ń lọ. Bí wọ́n bá ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ tán, tàbí tí wọ́n tú àtíbàbà, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ, òǹkọ̀wé ló sì yẹ kó ṣẹ́kù lọ́dọ̀ ọlọ́fọ̀ náà. Ìtàn kúkúrú dára fún iṣẹ́ yìí nítorí pé ọ̀fọ̀ kì í dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó lè fara hàn nínú abọ́ tí wọ́n ṣì ṣèèṣì gbé kalẹ̀ fún ẹni tó ti lọ, ojú ìwé márùn-ún sì tó abọ́ kan.

Nítorí náà, kí olóòtú àti àwọn adájọ́ ìdíje ìtàn má ṣe jẹ́ kí ẹkún ojú oórì tètè rọ̀ wọ́n lọ́kàn mọ́. Kí wọ́n fa ìlà pupa sórí ìsìnkú náà, kí wọ́n sì bi òǹkọ̀wé: lọ́jọ́ kẹsàn-án ńkọ́, ta ló dáná?