Ẹ̀rọ Amúnáwá: Bẹntiróò Ni Tàbí Dísẹ́ẹ̀lì?

Ẹ̀yin abiyamọ, bí bàálé yín bá ń múra àtira ẹ̀rọ amúnáwá, ẹ bá a jókòó kí ẹ jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Èyí tí ń lo bẹntiróò fúyẹ́, kò sì wọ́n bí èkejì. Ó tó fún ilé tí kò ní ju gílóòbù, fáànù àti tẹlifíṣọ̀n lọ. Ṣùgbọ́n bẹntiróò a máa tètè gbiná. Ẹ pa ẹ̀rọ náà kí ó tutù kí ẹ tó bu epo sí i.

Èyí tí ń lo dísẹ́ẹ̀lì wúwo, ó sì wọ́n. Àmọ́ epo rẹ̀ kì í tètè gbiná, kì í sì í jẹ epo bí ti bẹntiróò bí iṣẹ́ wọn bá dọ́gba. Ilé ńlá tí ń tan iná pẹ́ ni ó yẹ.

Èyíówù tí ẹ bá rà, afẹ́fẹ́ olóró tí à ń pè ní carbon monoxide wà nínú èéfín rẹ̀, pàápàá ti bẹntiróò. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ojú oorun ni ó ti ń pa odindi ìdílé. Nítorí náà, ìta gbangba ni kí ẹ gbé e sí, kí ó jìnnà sí fèrèsé tó mítà 6, ó kéré tán. Ẹ má ṣe tìtorí olè gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ilé tí ó ṣókùnkùn, ilẹ̀ yóò mọ́ bá a. Ẹ̀mí ọmọ tí ó bọ́ kò ṣeé rà padà.